Ọ̀já Aṣọ ní Ẹnu Ọ̀nà Kẹfà

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí bàbá rẹ̀ ń ka ìwé ètò náà. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ iná tó fi ń tún aago ṣe, ó ki awò kékeré olójú kan bọ ojú ọ̀tún, àfi bí ẹni pé ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ní eyín wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Pẹ́ńsù pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

"Ìṣẹ́jú méje láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà," ni bàbá kà sókè. "Ta ló rìn ín?"

"Ẹni tó kọ ìwé náà fúnra rẹ̀ ni, Bàbá. Ó fi aago wọ̀n ọ́n."

"Orúnkún ta ló fi rìn ín?"

Ọmọbìnrin náà wo orúnkún bàbá.

"Orúnkún tirẹ̀ ni. Tèmi ńkọ́? Kọ mọ́kànlá síbẹ̀."

Pẹ́ńsù pupa fa ìlà gba orí méje kọjá. Ọmọbìnrin náà mí èémí kan sínú, kò tíì mí i síta. Bí bàbá bá ṣì ń ṣe àtúnṣe, a jẹ́ pé kò tíì ya ìwé náà.

Ohun tó wà nínú ìwé yẹn kò ju bí ènìyàn méjì, bàbá àti ọmọ, ṣe fẹ́ wọ ọgbà eré ńlá ìlú wọn lọ ní Sátidé àkọ́kọ́ ìsinmi ilé-ìwé, ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ jù lọ lọ́dún. Bí wọ́n bá tètè dé, tí wọ́n wọlé, tí wọ́n jáde, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ṣubú, bàbá á gbà kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ ọkùnrin tó kọ ìwé náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ọkùnrin náà má tún yọjú mọ́. Bàbá kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin yìí nígbà tí bàbá mú un lọ sí ọgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé wọn. Aago méje àbọ̀ ni wọ́n dé, èrò ti ṣù bí eṣú. Bí ẹnu ọ̀nà ṣe ṣí, èrò tì, ọwọ́ ọmọ já kúrò lọ́wọ́ bàbá, ọmọ ṣubú, wọ́n sì gba orí rẹ̀ kọjá. Eegun èjìká rẹ̀ dá sí méjì. Ìka méjì fọ́ lọ́wọ́ òsì. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin láti ojú fèrèsé, àjà yàrá náà sì ní àbàwọ́n omi tó rí bí etí ehoro. Títí dòní, ìka méjèèjì yẹn kì í ká tán, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ló fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí bàbá gbàgbé. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko ló fi ń sọ ọ́, nígbà tí oúnjẹ bá tutù, nígbà tí òjò bá rọ̀ tí èjìká bá ń dun ọmọ: "Ìwọ lo jọ̀wọ́ ọmọ mi." Ó sọ ọ́ títí ikú fi gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá kò fèsì rí.

Àṣà kan ṣoṣo ni bàbá mú jáde nínú ìjàǹbá náà. Bí wọ́n bá ń lọ síbi tí èrò wà, á fi ọ̀já aṣọ so ọrùn ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ ti ọmọ rẹ̀. Ó so ó lọ sílé-ìwé. Ó so ó níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ọmọ ọ̀hún ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n báyìí, aránṣọ tó mọṣẹ́ délẹ̀, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń rán ọ̀já náà, á pààrọ̀ rẹ̀ bó bá gbó. Wọn kì í sọ ọ́ fún ará ìta. Ẹni tó bá rí wọn lójú ọ̀nà á rò pé ojú bàbá ni kò ríran mọ́.

* * *

Apá aṣọ tó ya ló mú ọkùnrin náà wá. Ṣọ́ọ̀bù tí ọmọbìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ ló ń rán aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà eré. Ọkùnrin náà mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé kan, apá ọ̀tún ti ya láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ọjọ́ Ajé kejì, ó tún dé, ojú kan náà ló ya. Nígbà tó di ìkẹta, Àǹtí Aláyọ́ọ̀nù, obìnrin àgbà tó ń lọ aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ajá ló ń lé yín ni, àbí ẹ̀yin gan-an lẹ ń fi eyín ya aṣọ yìí?"

"Irin ẹnu ọ̀nà ni, Mà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí."

"Irin ọ̀hún mọ ọjọ́ Ajé o."

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ló gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà ibo?"

"Ti ọgbà eré. Ẹnu ọ̀nà kẹfà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, torí ohun tí mò ń wí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn: ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Abẹ́rẹ́ gún aránṣọ nínú àtàǹpàkò. Ó pa ọwọ́ mọ́ lábẹ́ tábìlì. Ó yẹ kó dákẹ́. Ó bi í léèrè.

"Ǹjẹ́ ẹnì kankan ti ṣubú lójú yín níbẹ̀?"

"Ọdún mẹ́jọ rèé, rárá o. Wọ́n ní ọmọdébìnrin kan ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ láyé ọjọ́un, kí n tó débẹ̀. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n fi gbé irin ayípo wá. Bí irin náà bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ló ń gbà."

"Èmi ni ọmọ náà."

Ọkùnrin náà kò sọ pé "ó mà ṣe o." Ó bọ́ fìlà. Ó wo ibi tí aránṣọ pa ọwọ́ òsì mọ́ sí lábẹ́ tábìlì, ó wá jókòó sórí àpótí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. "Ojoojúmọ́ ni mò ń rò ó bóyá ó yè," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe aṣọ nìkan ló ń mú wá mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Àǹtí Aláyọ́ọ̀nù sì ti ń fi ojú wá ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ Ajé bá pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìfẹ́ náà ṣe ń ga ni ẹ̀rù ń ga. Ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà bá sọ pé, "Màá wá rí bàbá rẹ," ara ọmọbìnrin náà á tutù. Kì í ṣe ìbínú bàbá ló ń bẹ̀rù. Ohun kan wà tí òun nìkan mọ̀ nípa ọjọ́ yẹn, tí kò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè kan láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà yẹn, ohun náà á jáde.

Níkẹyìn, Àǹtí ló gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn lọ bá bàbá nílé. Ó padà dé ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì, ó sì jókòó kó tó sọ̀rọ̀, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀.

"Bàbá rẹ fún mi lómi mu. Ó bi mí bóyá ọkùnrin náà ń mutí, mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ó ní ìyàwó níbì kan, mo ní bó bá ní, á jẹ́ pé ìyàwó ọ̀hún kò mọ abẹ́rẹ́ mú. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ti tán. Ló bá bi mí níṣẹ́ tó ń ṣe."

"Ẹ sọ fún un?"

"Ṣé kí n purọ́ ni? Ojú rẹ̀ pa dé bí ìdérí aago. Ó ní, 'Kò sí ohun tó ṣe ọkùnrin náà. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni mi ò lè fi ọmọ mi fún lẹ́ẹ̀kejì.' Mo bẹ̀ ẹ́ títí orúnkún mi fi ń ró. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ló sọ èyí tó kù." Ó sì ka ọ̀rọ̀ Sátidé náà sílẹ̀ fún un, bí bàbá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. "Ó ní ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i."

Ọmọbìnrin náà jáde lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì bì.

* * *

Orí pépà gbọọrọ tí wọ́n fi ń gé bátánì aṣọ ni wọ́n ti ṣe ètò náà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ yà á. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sórí rẹ̀.

"Èrò dà bí omi," ló wí. "Ibi tó sún mọ́ ọn ló ń ṣàn sí. Apá òsì níbí ni bọ́ọ̀sì ń já wọn sí, torí náà ẹnu ọ̀nà kìíní, ìkejì, ìkẹta, ibẹ̀ ni wọ́n máa dì sí. Ìkẹfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n máa ń ṣe ọ̀lẹ láti rìn débẹ̀. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀, ti aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Aago mẹ́jọ la ń ṣí."

"Bàbá máa dúró fún wákàtí mẹ́ta?"

"Pèpéle wà lábẹ́ ògiri, á jókòó. Ẹ má gbé báàgì kankan. Báàgì tí wọ́n ń tú ló ń dá ìlà dúró. Ẹ wọ bàtà tó ní okùn. Ẹ má dúró láàárín, ẹ̀gbẹ́ irin ni kẹ́ ẹ dúró sí, kó o gbé ọwọ́ lé e. Bẹ́ ẹ bá wọlé, gbogbo ayé á sáré lọ sí òsì, síbi ọkọ̀ irin tó ń já ṣòòrò. Ẹ̀yin, ọ̀tún. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé ènìyàn yípo lókè lẹ́ẹ̀kan, ẹ yà síbi àwọn ẹṣin onígi—"

"Rárá. Mi ò fẹ́ dé ibi ẹṣin."

Ó gbójú sókè wò ó. "Ó dáa. Kò sí ẹṣin. Aago mẹ́wàá àbọ̀, ẹ jáde lẹ́yìnkùlé, kí èrò kejì tó dé."

Ó ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí ìwé kékeré fún bàbá; ó dà bíi pé kò sí ihò kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ Tọ́sìdé tó ṣíwájú ọjọ́ náà, ọkùnrin náà bá a tó ń rán nǹkan funfun kan tó gùn, tó ṣẹ́ po ní ìlọ́po mẹ́rin.

"Kí nìyẹn?"

Ojú tì í. Obìnrin tó ti tó ilé ọkọ, tí wọ́n ń so bí ewúrẹ́. "Ìgbànú ni," ló wí.

Irọ́ kékeré ni. Ẹni tó mọ irin ẹnu ọ̀nà yẹn ju gbogbo ènìyàn lọ ló sì pa á fún.

* * *

Lọ́jọ́ Sátidé náà, gbogbo nǹkan ló rí bí ìwé ṣe wí. Bọ́ọ̀sì dé lásìkò. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni orúnkún bàbá fi rìn, ó sì wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti rí i dájú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kẹfà, ènìyàn mẹ́rin péré ló wà níwájú wọn. Bàbá jókòó sórí pèpéle, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ọmọ na ti ọ̀tún. Ó so ọ̀já náà pẹ̀lú ìdì kéékèèké tí ẹni tó ń tún aago ṣe ń dì.

Aago mẹ́fà, ilẹ̀ mọ́. Aago méje, ọmọbìnrin náà kò rí òpin èrò mọ́. Ó gbọ́ wọn lẹ́yìn, ẹsẹ̀ tó ń họ ilẹ̀, ọmọdé tó ń sunkún, ẹnì kan tó ń wúkọ́ sí i lọ́rùn. Òórùn náà ló kọ́kọ́ mú un: òógùn, ọṣẹ ìfọṣọ àti irin tútù, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé ọwọ́ òsì lé irin bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ìka méjèèjì tí kò ká tán kò lè dì í mú dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí rẹ̀. Nígbà tó dé ogójì, ó ṣi í kà.

"Ṣé o wà ńbẹ̀?" ni bàbá bi í, bẹ́ẹ̀ wọ́n so mọ́ra.

"Mo wà ńbẹ̀."

Ó wo ojú bàbá, ó sì rí ohun tí kò rò rí. Ètè bàbá ti funfun. Ẹ̀rù bàbá ju tirẹ̀ lọ.

Aago mẹ́jọ, wọ́n ṣí i. Ọkùnrin náà dúró lódìkejì irin ayípo, aṣọ búlúù, kọ́là funfun. Kò rẹ́rìn-ín sí wọn, iṣẹ́ ló ń ṣe. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́." Ènìyàn mẹ́rin wọlé. Ó kan aránṣọ. Ó fi ikùn ti irin náà. Irin yí ìdajì, ó sì há.

Ó tún tì í. Kò mira. Ó bojú wẹ̀yìn: ọ̀já náà ti wọ àárín apá irin àti òpó rẹ̀, ó le tantan, bàbá sì wà lódìkejì. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Èrò tó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé nǹkan kan dúró. Wọ́n ń tì bọ̀. Àyà bàbá lu irin.

Ọkùnrin náà rí ọ̀já. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Ó na ara rẹ̀ kọjá lórí irin náà, apá aṣọ rẹ̀ sì ya fáá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí èrò.

"Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn àgbàlagbà yìí, ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ẹyọ kan péré. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ kan. Bàbá onífìlà pupa, ẹ bá mi sọ fún ti ẹ̀yìn yín." Ohùn rẹ̀ kò ga ju ti ẹni tó ń júwe ọ̀nà lọ. Ìlà kan sún sẹ́yìn, òmíràn sún. Àyà bàbá kúrò lára irin. Ìgbà náà ló tó yíjú sí wọn. "Ẹ tú u, Bàbá. Ẹnì kan ṣoṣo ni irin yìí ń gbà."

"Gbé irin náà kúrò."

"Kò ṣeé gbé, Bàbá. Nítorí ọmọ yín ni wọ́n fi gbé e síbẹ̀."

"Mi ò ní jọ̀wọ́ rẹ̀." Ohùn bàbá ti dà bí ohùn ọmọdé. "Kí wọ́n tẹ̀ mí pa síbí. Mi ò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Ohun tí aránṣọ ti ń pa mọ́ kò ní ibi tó lè sá gbà mọ́. Iwájú irin, ẹ̀yìn irin.

"Bàbá, ẹ ò jọ̀wọ́ mi rí," ló wí. "Èmi ni mo fa ọwọ́ mi yọ. Mo rí àwọn ẹṣin onígi, wọ́n ń yípo, mo fẹ́ sáré lọ. Ẹ dì mí mú gírígírí. Mo já ara mi gbà. Màmá ń bú yín lójú mi lójoojúmọ́, mi ò sì lè la ẹnu. Èmi ni, Bàbá."

Ó dijú, ó ń retí kí ilé ayé wó lulẹ̀.

"Mo mọ̀," ni bàbá wí.

Ó la ojú.

"Ẹni tó di nǹkan mú kì í ṣàìmọ̀ bó bá já gbà. Ọwọ́ tó ń di eyín aago mú ni ọwọ́ mi yìí."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún Màmá?"

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́, eegun rẹ sì ti dá. Ṣé kí n wá kó ìyẹn lé ọ? Èjìká tèmi kò dá, ó lè rù ú."

Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Ẹ dákun, ṣé ìpàdé ẹbí lẹ wá ṣe sẹ́nu ọ̀nà ni? Ẹ fún wa ní àga ká jókòó gbọ́ ọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kò gbọ́ wọn. "Kì í ṣe ọwọ́ ọkùnrin yìí ló ń bà mí lẹ́rù," ló wí, ó rọra ń sọ ọ́. "Ọwọ́ tìrẹ ni. Lọ́jọ́ tó o bá tún rí ẹṣin, tí mi ò sí níbẹ̀, ta ló máa so ọ́ mọ́lẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà wo ọ̀já tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó wo ọkùnrin tó ń dá èrò dúró pẹ̀lú apá aṣọ tó ya.

"Kò sẹ́ni tó máa so mí, Bàbá. Èmi ni màá dì í mú."

Bàbá fi ọwọ́ kejì wá ìdì. Ìdì ti fún. Ó fi èékánná tú èkíní, ó tú èkejì, bí ẹni tó ń tú inú aago. Ọ̀já bọ́. Irin náà yí gìrì, ó gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọgbà, òun nìkan. Ó tún yí, ó gba bàbá.

Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èrò ń kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń sáré lọ sí òsì. Bàbá yọ ìwé ètò náà lápò, ó wo aago.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin la pàdánù," ló wí. Ó mú pẹ́ńsù pupa, ó gbé ìwé náà lé ògiri, ó fa ìlà gba orí aago mẹ́wàá àbọ̀ kọjá. Ó kọ nǹkan sísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹṣin onígi ló kọ. Ó wá rìn padà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.

"Ìwọ. Aago mélòó lo ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́?"

"Aago mẹ́rin, Bàbá."

"A ó dúró dè ọ́."

Ọkùnrin náà kò lè fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ kan sẹ́yìn láàárín irin méjì, láì yíjú, ó sì ń sọ fún àwọn tó kù pé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ òsì dì í mú, ti ìka tó ká àti ti ìka tí kò ká. Ariwo èrò ga lẹ́yìn ògiri, ọkàn rẹ̀ sì tún fò sókè. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Kò fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.